Kímò olóògùn méjì fún jẹjẹrẹ ọmú tó ti tàn ká: bó ṣe rí lójú èmi tí mo jókòó ti aláìsàn

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi kí ẹni tó ń kánjú lè rí i mú. Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí wọ́n da méjì ẹ̀ pọ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú tó ti kúrò lójú kan, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tètè ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tó ń gbà lára èèyàn kì í ṣe kékeré rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ti ń yọnu, tí aláìsàn ò lè mí dáadáa, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ara ṣì le díẹ̀, tí àyè ṣì wà láti lo oògùn kan tán kó tó kan èkejì, ìràwọ̀ méjì ni, mi ò lè fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n fún. Docetaxel ni wọ́n ń fà sí i lára lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, capecitabine ló ń gbé mì nílé, àárọ̀ àti alẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ọjọ́ 14 gbáko, á wá sinmi ọjọ́ 7 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e lọ, èmi náà ni mò ń ka hóró oògùn sí i lọ́wọ́, torí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ, pẹ̀lú èyí tí mo bi dókítà àtàwọn nọ́ọ̀sì, àti èyí tí mo jókòó kà lóru nígbà tí oorun kọ̀ tí ò wá.

Kì í ṣe àdàpọ̀ kan ṣoṣo ló wà o. Èyí tó ti pẹ́ jù tí wọ́n ṣì ń dárúkọ ẹ̀ ni CMF, ìyẹn cyclophosphamide, methotrexate àti fluorouracil, òun ni Gianni Bonadonna àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Milan gbé èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 1976 fún àwọn obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ọmú fún. Doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide wà, AC ni wọ́n ń pè é. Gemcitabine pẹ̀lú paclitaxel wà, ọdún 2004 ni wọ́n fọwọ́ sí ìyẹn ní Amẹ́ríkà. Docetaxel pẹ̀lú capecitabine tí ẹ̀gbọ́n mi gbà yìí, ọdún 2001 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i níbẹ̀, fún ẹni tí àìsàn ẹ̀ ti borí àwọn oògùn irú doxorubicin.

AC yẹn gan-an ló kọ́kọ́ gbà nígbà tí nǹkan náà ṣì wà nínú ọmú àti abẹ́ apá nìkan. Doxorubicin pupa fòò. Nọ́ọ̀sì ò gbé e kọ́ kó máa kán fúnra ẹ̀, ṣe ló jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ti síríǹjì díẹ̀díẹ̀ síbi tí dírípù omi ń gbà wọlé, á tì í díẹ̀, á dúró, á fà á sẹ́yìn wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ, á tún tì í, torí tí oògùn yẹn bá jò kúrò nínú iṣan, ibi tó bá bà lé lára máa jẹrà ni. Ìtọ̀ pàápàá pọ́n lọ́jọ́ yẹn. Oògùn náà ní ìwọ̀n tí ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ kọjá ní gbogbo ayé ẹ̀, torí ọkàn ló ń bà jẹ́ tó bá ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán ọkàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé gbogbo oògùn tí ẹ bá ti gbà o, torí tí àìsàn bá padà dé, ohun tí èèyàn ti lò sẹ́yìn ló ń sọ èyí tó kù tí wọ́n lè fún un.

Nígbà tó padà dé, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló gbà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ó ń jókòó sùn, ẹyinjú ẹ̀ ti ń di yẹ́lò. Òun fúnra ẹ̀ ló bi dókítà, ó ní "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi," gbogbo àwa ẹbí tó wà níbẹ̀ wá dákẹ́. Dókítà náà ò fi bò. Ó ní èyí tó ti dé ẹ̀dọ̀ yìí, kímò ò ní lè pa á run pátápátá, ohun tí wọ́n ń wá ni kó sún kì, kó lè mí, kó lè jẹun, kí ọjọ́ tó máa lò pẹ̀lú wa lè gùn, kó sì dára. Ó ní ká ní eegun nìkan ló wà ni, oògùn ẹyọ kan lòun ì bá kọ fún un, àmọ́ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń yára bà jẹ́ yìí, kò sáyè láti dúró de oògùn kan kó kùnà ká tó gbé òmíràn wá. Mo bọ̀wọ̀ fún dókítà yẹn títí dòní torí bó ṣe sọ ọ́ láìṣe àbùlà, tó sì wojú ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ fún un, kò yíjú sí èmi.

Ìdí tí wọ́n fi so méjèèjì yìí pọ̀ wù mí láti mọ̀, mo sì rí i pé wọn ò kàn kó wọn jọ bẹ́ẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn okùn tín-ín-tín kan wà tó fi ń pín ara ẹ̀ sí méjì. Docetaxel, tó jẹ́ pé ara ewé igi yew ti Yúróòpù ni wọ́n ti rí ìpìlẹ̀ ẹ̀, á di àwọn okùn yẹn mú gbagidi, wọn ò ní lè tú, sẹ́ẹ̀lì á há sẹ́nu pípín, á sì kú. Capecitabine ní tiẹ̀, hóró tí èèyàn gbé mì yẹn kọ́ ni oògùn gan-an, inú ara ló ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di fluorouracil, èyí tí ò ní jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rí ohun tó máa fi ṣe DNA. Èròjà tó ń ṣe ìyípadà tó kẹ́yìn, thymidine phosphorylase ni wọ́n ń pè é, ó sábà máa ń pọ̀ nínú jẹjẹrẹ ju inú ẹran ara tó dáa lọ, wọ́n sì rí i lára ẹranko tí wọ́n fi ṣe ìwádìí pé docetaxel ń mú kí èròjà yẹn tún pọ̀ sí i nínú jẹjẹrẹ náà. Ìyẹn ni pé ọ̀kan ń la ọ̀nà fún èkejì.

Àwọn nọ́ọ̀sì yàrá kímò, ìràwọ̀ márùn-ún, ó tiẹ̀ kéré. Àwọn méjì ló ń jọ yẹ àpò oògùn wò, ọ̀kan á ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí, èkejì á wo èyí tó wà lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á tún ní kí ẹ̀gbọ́n mi pe orúkọ ẹ̀ fúnra ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Tí docetaxel bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọn ò ní kúrò nítòsí, torí àárín ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ ni ara tí ò bá gbà á máa ń fi hàn, ojú á pọ́n, àyà á fún pinpin, ẹ̀yìn á máa dun èèyàn. Oògùn yẹn fúnra ẹ̀ ò ju wákàtí kan lọ, àmọ́ ẹ má rò pé wákàtí kan lẹ máa lò níbẹ̀, torí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná, ìgbà tí èsì bá jáde tó sì dáa ni wọ́n tó máa po oògùn. Tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun bá kéré jù, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé kẹ́ ẹ padà wá tó bá yá. Ìyẹn máa ń dun ẹ̀gbọ́n mi ju abẹ́rẹ́ lọ, á ti múra, á ti mú ọkàn le, wọ́n á wá ní kò lè gbà á lónìí.

Dexamethasone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, ń bá docetaxel rìn, àná ọjọ́ oògùn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń lò ó, kí ara má bàa kọ oògùn àti kí omi má bàa gún sí ẹsẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò jẹ́ kó sùn, aago méjì òru ni màá gbọ́ tó ń to aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń tú u, tó tún ń tò ó. Irun lọ, èékánná dúdú, omi ń dà lójú ẹ̀ ṣáá bíi pé ó ń sunkún, dókítà ní docetaxel ló ń dí ihò kékeré tí omijé ń gbà kọjá. Èébì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wá lẹ́nu torí ondansetron, oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn bì, ìyẹn náà kàn ń mú kí ìgbẹ́ le ni, kó tó wá di pé capecitabine sọ ọ́ di gbuuru ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan kúrò gan-an ni ọ̀rọ̀ ibà. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn dírípù ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun sábà máa ń lọ sílẹ̀ jù, tí kòkòrò àrùn bá wọlé nígbà yẹn, kò sí ọmọ ogun tó máa lé e, ó lè pa èèyàn láàárín wákàtí díẹ̀. Tẹmómítà bá ti ka 38, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe paracetamol, kì í ṣe "jẹ́ ká wò ó di àárọ̀". Lóru ọjọ́ kan ara ẹ̀gbọ́n mi gbóná kọjá iye yẹn, mo pe nọ́ńbà tó wà lórí káàdì tí wọ́n fún wa, ó ń dún, ó ń dún, ẹnì kankan ò gbé e. A gbé e lọ síbi pàjáwìrì, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní ká tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà níbẹ̀. Inú bí mi gidi gan-an. Mo ní "Kímò ló ń gbà, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fún un, ara ẹ̀ ti gbóná," ìgbà yẹn ni dókítà kan tó ń kọjá lọ gbọ́, ó sì sáré sí wa, kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un lóògùn apakòkòrò sínú iṣan. Ọlọ́run ló yọ wá. Láti ìgbà yẹn, wọ́n ń fún un ní filgrastim lẹ́yìn ràúǹdì kọ̀ọ̀kan kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lè tètè gbéra. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú fóònù yín bí mo ṣe sọ ọ́: kímò ló ń gbà, ọjọ́ báyìí ló gbà á kẹ́yìn, ara ẹ̀ ti gbóná. Ẹni bá dé ibi pàjáwìrì kó kọ́kọ́ sọ ìyẹn kó tó sọ orúkọ ara ẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Capecitabine ló ṣe ìyẹn. Ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bíi kó máa ta á wínníwínní, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ pọ́n, ó ń dán, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní bébà bébà, àtẹ́lẹsẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣí ìdérí ike omi. Bọ́tìnnì aṣọ di iṣẹ́ ńlá. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni fóònù ẹ̀, ó tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ mọ́ ọn, fóònù ò mọ̀ ọ́n, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó nu ìka ẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tún tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Àwọn ilà ìka ọwọ́ ẹ̀ ti pa rẹ́, oògùn yẹn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà tí ẹ bá ń lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ìtẹ̀ka, ẹ mú ìwé dókítà dání. Nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé ká máa fi ìpara tó ní urea pa á lára láàárọ̀ àti lálẹ́, kó yẹra fún omi gbígbóná àti bàtà tó fún un lẹ́sẹ̀, ó ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Ohun tó ṣe é lóore jù ni pé dókítà dá hóró náà dúró títí ọwọ́ fi san, ó wá dín iye tó ń lò kù. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé tí wọ́n bá dín in kù, jẹjẹrẹ máa rí àyè. Dókítà ní rárá o, iye tí ìwé oògùn ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè gbà mọ́ra, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ni wọ́n ń dín tiwọn kù. Ẹ má fara da á, ẹ tètè sọ, torí ẹni tó bá mú un mọ́ra jù ló máa ń wá dáwọ́ oògùn dúró pátápátá.

Ohun kan tún wà nípa capecitabine tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Àwọn kan wà tí ara wọn ò ní èròjà tó ń fọ́ oògùn yẹn sí wẹ́wẹ́, DPD ni wọ́n ń pè é, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lò ó bí àwọn yòókù ṣe ń lò ó, ó lè yọrí sí ikú. Àyẹ̀wò wà fún un, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Yúróòpù ti ní kí wọ́n máa ṣe é kí wọ́n tó fún èèyàn, láti ọdún 2020. Ẹ béèrè fún un. Tí ẹ bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ sọ, torí capecitabine máa ń mú kí iṣẹ́ warfarin pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀jẹ̀ á wá máa dà.

Ó dáa, ṣé àdàpọ̀ wá dáa ju ẹyọ kan lọ? Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí nìyí, torí gbogbo wa la máa ń rò pé oògùn méjì á lágbára ju ọ̀kan lọ, ọ̀rọ̀ parí. Ìwádìí docetaxel pẹ̀lú capecitabine jáde lọ́dún 2002, obìnrin 511 ló wà nínú ẹ̀. Àwọn tó gba méjèèjì, ààrin gbùngbùn iye tí wọ́n lò láyé jẹ́ oṣù 14.5, àwọn tó gba docetaxel nìkan jẹ́ oṣù 11.5. Oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lójú ẹni tó ní ìyá nílé. Àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó gba docetaxel nìkan ló wá padà rí capecitabine lò lẹ́yìn náà. Ohun tí ìwádìí yẹn fi hàn ni pé ó sàn kéèyàn rí méjèèjì ju kó rí ọ̀kan lọ, kò sọ fún wa bóyá ìgbà kan náà ló yẹ kó lò wọ́n.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2003, bi ìbéèrè yẹn gan-an. Obìnrin 739, àwọn kan gba doxorubicin nìkan, àwọn kan gba paclitaxel nìkan, tí àìsàn bá sì ti tún ń tẹ̀ síwájú wọ́n á gbé wọn bọ́ sórí èkejì, àwọn tó kù gba méjèèjì pa pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ sún kì lára 47 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba méjèèjì, ó jẹ́ 36 fún doxorubicin nìkan àti 34 fún paclitaxel nìkan. Ṣé ẹ rí i pé àdàpọ̀ ń yára fà á sílẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá wá wo iye oṣù tí wọ́n lò láyé, oṣù 18.9 fún àwọn tó fi doxorubicin bẹ̀rẹ̀, oṣù 22.2 fún àwọn tó fi paclitaxel bẹ̀rẹ̀, oṣù 22 fún àwọn tó gba méjèèjì pa pọ̀, àwọn tó gba méjèèjì ò ju àwọn tó gbà á tẹ̀léra lọ, ìgbé ayé wọn náà ò sì dùn jù. Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìlànà tí àwọn dókítà jẹjẹrẹ ń tẹ̀ lé ti ń sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra ló yẹ ká kọ́kọ́ rò, ká fi àdàpọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí àìsàn ẹ̀ ń sáré, tàbí tí ẹ̀yà ara kan ti fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn yẹn, ó sì jẹ mí lógún pé kí ẹni tí ò sí lára wọn má gba ìyà ọwọ́ bíbó àti ibà òru lórí ohun tí ò ní fi kún ọjọ́ ayé ẹ̀.

Kí wọ́n tiẹ̀ tó sọ̀rọ̀ kímò rárá, ẹ rí i pé wọ́n ti yẹ irú jẹjẹrẹ náà wò, bóyá họ́mónù ló ń bọ́ ọ tàbí HER2, ìyẹn èròjà kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà, ẹ má sì gbára lé èsì àtijọ́ nìkan, ó lè yí padà nígbà tó bá padà dé. Tó bá jẹ́ ti họ́mónù, oògùn họ́mónù pẹ̀lú àwọn hóró irú ribociclib ló sábà máa ń ṣáájú, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RIGHT Choice tiẹ̀ fi wọ́n wé kímò alápapọ̀ lára àwọn obìnrin tí àìsàn wọn le, èsì tí wọ́n kọ́kọ́ kà jáde lọ́dún 2022 ni pé oṣù 24 ni àwọn tó gba oògùn họ́mónù pẹ̀lú ribociclib lò kí àìsàn tó tún gbéra, tàwọn oníkímò jẹ́ 12.3. Ẹ ò rí i pé ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Tó bá jẹ́ HER2, àdàpọ̀ tí mo lè fún ní ìràwọ̀ márùn-ún láìkù síbì kan wà níbẹ̀, docetaxel pẹ̀lú trastuzumab àti pertuzumab, oògùn méjì tó ń dojú kọ HER2 gan-an, nínú ìwádìí CLEOPATRA ààrin gbùngbùn iye tí wọ́n lò láyé lé ní oṣù 56, àwọn tí ò gba pertuzumab jẹ́ nǹkan bí oṣù 41. Àwọn tí ò ní họ́mónù tí ò sì ní HER2, wọ́n lè yẹ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PD-L1 wò fún wọn bóyá pembrolizumab, oògùn tó ń mú kí ọmọ ogun ara gbógun ti jẹjẹrẹ, á wúlò. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní ìkankan nínú gbogbo ẹ̀, ohun tó jẹ́ kí kímò di tiwa nìyẹn.

Ó ṣiṣẹ́ fún un. Ẹyinjú ẹ̀ padà funfun, ó padà ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, ó sì ń gun àtẹ̀gùn fúnra ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni o, àmọ́ ó ń gùn ún. Síkáànù fi hàn pé èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ti sún kì gidi. Nígbà tí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí kì í mọ̀ bóyá bàtà wà lẹ́sẹ̀ òun, dókítà yọ docetaxel kúrò, ó fi capecitabine nìkan sílẹ̀, orí ìyẹn ló wà di báyìí. Tí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀ fún ẹni yín, ẹ bi wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé irú nǹkan wo ni wọ́n máa rí kí wọ́n tó yọ ọ̀kan kúrò, èwo ni wọ́n sì máa yọ. Dókítà wa dáhùn ìyẹn kíá, ẹ̀gbọ́n mi sì kọ ìdáhùn náà sẹ́yìn káàdì ẹ̀.